Gàrí: Oúnjẹ Ìṣẹ́jú Márùn-ún, Iṣẹ́ Ọjọ́ Márùn-ún

Kò sí olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ì báà jẹ́ ní Èkó tàbí ní Sókótó, ní Kàlàbá tàbí ní Ìlọrin, tí kò mọ ohun tí ọmọ ilé-ìwé tí ń gbé inú ọgbà máa ń ṣe nígbà tí oúnjẹ alẹ́ bá ti tán ṣùgbọ́n tí ebi kò tí ì tán. Yóò bu gàrí sínú abọ́, yóò da omi tútù lé e, yóò sì ṣan èérí tí ó bá léfòó dànù. Yóò fi ṣúgà sí i, tàbí iyọ̀ bí ṣúgà bá wọ́n, yóò sì da ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà lé e lórí. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ṣíbí ti wọ inú abọ́ náà. Kò dá iná, kò gbé ìkòkò, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni ní ọbẹ̀.

Orí oúnjẹ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń dá àrà nídìí oúnjẹ. Àwọn kan a fi àgbọn tútù jẹ ẹ́, àwọn mìíràn a fi kúlíkúlí, ẹja díndín, àkàrà gbígbóná tàbí mọ́ínmọ́ín àná. Ẹni tí kò bá fẹ́ omi a ta epo pupa àti iyọ̀ sí gàrí gbígbẹ, a fi ọwọ́ pò ó, a sì máa jẹ ẹ́ wòmù-wòmù. Àwọn Haúsá, tí ń pè é ní garin kwaki, a máa gún kúlíkúlí, wọn a fi ata, àlùbọ́sà àti òróró sí i, wọn a sì pò ó mọ́ gàrí tí wọ́n ti fi omi díẹ̀ wọ́n. Ní ilẹ̀ Gánà, ẹ̀wà sísè àti epo ni wọ́n ń bu gàrí lé lórí. Wọ́n sì tún ní èyí tí wọ́n ń pè ní gari foto, tí í ṣe gàrí tí a rò mọ́ ata, tòmátì àti ẹyin. Kò sí ìwé ìdáná kan tí ó kọ́ wọn ní gbogbo èyí. Ẹni tí ebi ń pa, tí ó sì yẹ inú kọ́bọ́ọ̀dù wò, ni ó dá a sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn béèrè ohun kan. Báwo ni ó ti ṣẹlẹ̀ tí gbòǹgbò igi kan, tí ó le bí igi nígbà tí a hú u, tí májèlé sì wà nínú rẹ̀, fi di ohun tí omi tútù nìkan tó láti sọ di oúnjẹ? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé iná tí ọmọ ilé-ìwé náà kò dá, ẹlòmíràn ti dá a. Àkókò tí kò lò, ẹlòmíràn ti lò ó. Ìtàn ẹni tí ó lo àkókò náà ni ìtàn gàrí.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀. Àwọn onílẹ̀ Bràsíìlì ti ń gbìn ín fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ọkọ̀ Pedro Álvares Cabral, ará Pọtogí, tó gúnlẹ̀ sí etíkun wọn ní ọdún 1500. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kíkorò ń pa ènìyàn, wọ́n sì mọ bí a ti ń yọ oró rẹ̀. Wọn a rin ín, wọn a kó o sínú àpò gígùn kan tí a fi imọ̀ hun, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ tipiti, wọn a so ó kọ́, wọn a sì fi ohun wúwo fà á nísàlẹ̀ títí omi inú rẹ̀ yóò fi ro tán. Lẹ́yìn èyí ni wọn a yan ìyẹ̀fun náà lórí àwo gbígbòòrò. Farinha ni àwọn Pọtogí pè é. Wọ́n rí i pé kò wúwo, pé kì í tètè bàjẹ́, àti pé kò béèrè iná nígbà jíjẹ. Nítorí náà ni ó fi di oúnjẹ inú ọkọ̀. Ara oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ́ àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti etíkun ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí Bràsíìlì ni. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ṣe kọ́kọ́ mọ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ lẹ́nu, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti dé ilẹ̀ Áfíríkà tipẹ́. Àwọn Pọtogí ti mú un dé agbègbè odò Kóńgò láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Síbẹ̀, fún ìgbà pípẹ́, àwọn Yorùbá àti àwọn aládùúgbò wọn kò kà á kún. Wọ́n ní iṣu, wọ́n ní àgbàdo, wọ́n ní ẹ̀wà. Kí ni wọ́n fẹ́ fi gbòǹgbò kíkorò ṣe? Ọkọ̀ lè gbé igi ẹ̀gẹ́ wá láìsí ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a fi ń sọ ọ́ di oúnjẹ kò lè wá bí kò ṣe nínú orí ẹni tí ó ti ṣe é rí.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó sì mú un wá. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tí ó ti ra ara wọn padà ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, dìde sí àwọn ọ̀gá wọn. Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn, ọmọ Yorùbá sì ni ó pọ̀ jù. Orúkọ tí a fi ń pe ìdìde náà, Malê, kò yàtọ̀ sí ìmàle tí a ń pe Mùsùlùmí nílé. Ìjọba ṣẹ́gun wọn, ó sì lé ọ̀pọ̀ padà sí etíkun ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn mìíràn tún fi owó ara wọn wọkọ̀ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Ouidah, sí Àgúé, sí Àjàṣẹ́ àti sí Èkó, níbi tí àdúgbò wọn ti di Pópó Àgùdà. Iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ télọ̀ tí wọ́n mú bọ̀ ni àwọn òpìtàn máa ń yìn jù, nítorí pé ilé alápèjà kò ṣeé fojú fò. Ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn oúnjẹ gbà pé ọwọ́ àwọn wọ̀nyí, pẹ̀lú àwọn Sàró, ni ẹ̀gẹ́ rírin àti yíyan ti tàn kálẹ̀ ní etíkun wa láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó fetí sí orúkọ oúnjẹ. Ní Ouidah, gàrí tí a fi omi ọbẹ̀ adìẹ tàbí ti ẹja tẹ̀ ni wọ́n ń pè ní piron. Ní Bràsíìlì, pirão ni ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí a fi omi ẹja rò. Ní Èkó, Frejon tí àwọn ọmọ Àgùdà ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí ọ̀pọ̀ sì máa ń bu gàrí lé lórí, inú èdè Pọtogí ni orúkọ rẹ̀ ti wá, níbi tí a ti ń pe ẹ̀wà ní feijão.

Àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ náà kò gbà á lásán. Farinha tí ó wọ́pọ̀ ní Bràsíìlì kì í kan lẹ́nu. Gàrí a máa kan, nítorí pé àwọn obìnrin etíkun wa jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rírin náà sùn nínú àpò. Sísùn yìí ni ó sọ ọ́ di ohun mìíràn.

Ó tọ́ kí a ka àwọn ọjọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ọjọ́ kìíní ni ti oko: a hú ẹ̀gẹ́, a rù ú wálé, a sì bó o kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í pẹ́ bàjẹ́. A fọ̀ ọ́, a sì rin ín. Kí ẹ̀rọ tó dé, páànù tí a fi ìṣó lu lára ni obìnrin ń fi rin ín, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ìka ọwọ́ rẹ̀ yóò fi bó pẹ̀lú ẹ̀gẹ́. A dì í sínú àpò, a sì gbé òkúta ńlá lé e. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ kẹrin, omi ń ro nísàlẹ̀, kíkan sì ń ṣẹlẹ̀ nínú. Àwọn Ìjẹ̀bú, tí gàrí wọn kan jù, tí ó sì kúnná jù, a máa jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, a tú àpò, a fọ́ ọ, a sẹ́ ẹ ní asẹ́, a kó èyí tí kò kúnná sọ́tọ̀, a sì gbé agbada kaná. Àkúfọ́ igbá ni a fi ń yí i. Iná kò gbọdọ̀ le jù, kí gàrí má baà jóná; kò gbọdọ̀ rọ̀ jù, kí ó má baà di ọ̀rìnrìn; ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ sinmi. Ní ìhà Ìbíní àti Wàrì, wọn a ta epo pupa díẹ̀ sí i kí ó lè pọ́n. Èéfín ń wọ ojú, ooru ń lu àyà, ẹni tí ń yan án sì lè jókòó bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán.

Ìdí tí a kò fi lè fo ọjọ́ kan nínú àwọn ọjọ́ wọ̀nyí kò sí nínú adùn nìkan. Inú ẹ̀gẹ́ ni èròjà kan wà tí ó ń di májèlé sáyánáìdì. Nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́, tí ara rẹ̀ fọ́, èròjà mìíràn tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà a kọlù ú, a sì tú májèlé náà sílẹ̀. Apá kan a bá omi ro, apá kan a bá afẹ́fẹ́ lọ, iná agbada a sì lé púpọ̀ nínú ìyókù. Àwọn obìnrin tí kò rí ìwé kẹ́mísìrì rí ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ní ọdún 1912, gàrí rí ọ̀nà gbà lọ sí ibi tí ẹ̀gẹ́ kò ti pọ̀. Lẹ́yìn náà ni àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, èyí tí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá ń pè ní lùkúlùkú, wọlé. Òpìtàn Don Ohadike ti kọ ọ́ ní ọdún 1981 pé àrùn yìí ni ó ti ẹ̀gẹ́ wọ inú oko àwọn Ìgbò tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò Ọya. Bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni a fojú díwọ̀n pé ó kú ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn tí ó yè kò ní agbára tó láti kọ ebè iṣu, àkókò gbígbìn sì ń kọjá. Ẹ̀gẹ́ kò béèrè ebè ńlá, kì í sì í bínú sí ilẹ̀ tí ó ti ṣá. Ohun tí àwọn àgbà ti kà sí oúnjẹ òtòṣì tẹ́lẹ̀ wá di oúnjẹ tí ó gbé ìlú ró.

Ogun àgbáyé kejì ni ó fi hàn gbangba bí gàrí ti tóbi tó. Ní ọdún 1941, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Ọ̀gágun Pullen ṣe alákòóso oúnjẹ ní Èkó. Àwọn ọmọ ogun pọ̀ ní ìlú, owó oúnjẹ ń lọ sókè, ìjọba sì rò pé bí òun bá fi òfin dá iye owó gàrí àti ti àwọn oúnjẹ mìíràn, tí òun sì ń tà á ní ọjà tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò rọlẹ̀. Iye owó tí wọ́n dá kò tó ohun tí ẹni tí ó yan gàrí àti ẹni tí ó rù ú wá fi lè jẹun. Nítorí náà gàrí kúrò lórí àtẹ, ó wọ abẹ́ ibùsùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ a lọ rà á ní ìkọ̀kọ̀ ní iye tí ó ju ti àtijọ́ lọ.

Alimotu Pẹlẹ́wùrà, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, ẹlẹ́ja ọjà Èrékò tí kò ka ìwé, ni ó dojú kọ ètò náà. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé Pullen fẹ́ máa san £100 fún un lóṣooṣù bí ó bá lè bá òun mú àwọn obìnrin náà gbà. Owó ńlá ni èyí ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ akọ̀wé ìjọba kò sì rí i gbà lọ́dún kan. Pẹlẹ́wùrà kọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin ọjà ṣe ìpàdé, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n sì kọ̀ láti tajà ní iye tí ìjọba dá, títí ètò náà fi wó ní ọdún 1945. Pẹlẹ́wùrà kú ní ọdún 1951. Àwọn ìwé ìtàn tí àwọn ọmọdé ń kà ní ilé-ìwé kì í sábà dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìjà tí ó jà kan abọ́ olúkúlùkù wọn.

Bí ìjọba ti ń pariwo pé gàrí kò tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń béèrè ẹ̀gẹ́ fún ohun mìíràn. Àwọn ará Jàpáànì gba erékùṣù Java ní ọdún 1942, ibẹ̀ sì ti jẹ́ orísun sítáàṣì ẹ̀gẹ́ fún àwọn Òyìnbó. Wọ́n wá rọ àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà pé kí wọ́n máa ṣe sítáàṣì ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba. Omi tí ń ro nísàlẹ̀ àpò gàrí, tí ìyá ilé máa ń gbà láti fi le aṣọ, ni òpìlẹ̀ òwò náà. Ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà lóko. Èyí tí ó bá lọ sí ọkọ̀ kò lè sí nínú agbada mọ́. Nígbà tí ogun parí, ìlú Òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ nílò sítáàṣì wa mọ́.

Ewu tí ó wà nínú ìkánjú kò tí ì tán níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Òṣúntọ́kun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ yẹ àwọn ènìyàn agbègbè Ẹ̀pẹ́ wò. Wọ́n rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò dúró déédéé mọ́, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn sì ń di. Ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, oúnjẹ mìíràn kò sì pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Òṣúntọ́kun sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni sáyánáìdì tí ó ṣẹ́kù nínú oúnjẹ náà ti ń ba iṣan wọn jẹ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá a jiyàn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àríwá ilẹ̀ Mòsáńbíìkì ní ọdún 1981 kò fi àyè sílẹ̀ fún iyàn púpọ̀. Ọ̀dá dá, ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ni ó kù, ebi kò sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn dúró de ọjọ́ tí oró rẹ̀ yóò jáde tán. Ó ju 1,000 ènìyàn lọ, púpọ̀ nínú wọn obìnrin àti ọmọdé, tí ẹsẹ̀ wọn rọ láàárín oṣù díẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n yọ kúrò nínú iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ náà ni ó gba ẹsẹ̀ wọn.

Ó yẹ kí olùkọ́ mọ èyí pẹ̀lú: ara ènìyàn ní agbára láti pa oró sáyánáìdì kékeré, ṣùgbọ́n èròjà tí ó ń lò fún un inú ẹja, ẹran, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀pà ni ó ti ń rí i. Gàrí fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nínú rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà tí ọmọ ilé-ìwé dà lé gàrí rẹ̀, tí ó rò pé òun fi ń wá adùn, ń ṣe iṣẹ́ tí kò mọ̀. Ọmọ tí kò ní owó ẹ̀pà, tí ó ń mu gàrí àti iyọ̀ lásán láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ni ó yẹ kí a máa wò.

Ní nǹkan bí ọdún 1973, kòkòrò funfun kékeré kan tí ń fa omi ewé ẹ̀gẹ́ yọ ní agbègbè Kóńgò, ó sì ń jẹ oko bọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ títí ó fi dé Nàìjíríà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gẹ́. Hans Herren, ará Switzerland tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tí ó wà ní Ìbàdàn, pinnu láti wá ohun tí ń pa á ní ìlú rẹ̀. Ilẹ̀ Paraguay ni wọ́n ti rí i ní ọdún 1981: agbọ́n tí ó kéré ju èèrà lọ, tí ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà. Ọdún náà gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tú u sílẹ̀ ní oko Nàìjíríà, kò sì pẹ́ tí ẹ̀gẹ́ fi ń sọ jí. Láti nǹkan bí ọdún 1990 ni ilẹ̀ wa ti ń ṣe ẹ̀gẹ́ ju Bràsíìlì lọ, ó sì ju gbogbo ayé lọ.

Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ti tàn kálẹ̀. Irin tí a ń lọ́ láti fún omi rẹ̀ ti ń rọ́pò òkúta ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ọkùnrin ni ó sábà máa ń ni ẹ̀rọ náà, òun ni a sì ń sanwó fún bí a bá ti gbé ẹ̀gẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yíyan ni kò tí ì fi bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ obìnrin. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, láti Ìjẹ̀bú dé Àbá, a ṣì lè rí i lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan, tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ agbada, tí ó yí ojú sí ibi tí èéfín kò gbà, tí àkúfọ́ igbá sì ń lọ tí ó ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.